Wáàtì Tí Wọ́n Kọ Sára Páálí

Ní Jímọ̀ kan nínú oṣù tó kọjá, ìyá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń fi mọ́tò kérò láti Ìjẹ̀gùn sí Ìkòtún, ó sì ń bẹ ìyá rẹ̀ kí ó yá òun nínú owó àjọ, kí òun fi ra wúfà àti áńpílífáyà. Ìyá ní, "Ààfáà, ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ tí ládàánì fi ń pèrun. Ṣé kí n yá a, àbí kí n má yá a?" Mo ní kí ó yá a, ṣùgbọ́n kí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sí ọjà.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kan ra tirẹ̀ ní 2021, 3,000 wáàtì ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Ẹni tí ó bá a so ó gba wáyà kọjá lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ìdí bátìrì dé búùtù, kò sì fi fíúsì sí i lẹ́bàá bátìrì. Lọ́jọ́ tí ó ń gbé àwọn ọmọ mi bọ̀ láti ilé kéwú, irin ìdí ìjókòó ti ha ara wáyà náà bó, wáyà kan bọ́dì mọ́tò, èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àánú Ọlọ́run ni pé wọ́n wà nínú gosìlóò, wọ́n bẹ́ sílẹ̀, rewáyà kan sì sáré tú orí bátìrì. Àpá ṣì wà lẹ́sẹ̀ èyí àbúrò. Ẹni kankan kò ní láti kọ́ ará Ìjẹ̀gùn ní ohun tí iná lè ṣe. Ní ọjọ́ 15 oṣù May, 2008, katakata tí ń ṣe ọ̀nà bẹ́ páìpù epo níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé Alábà, ẹ má wo páálí. Ẹ ní kí òǹtajà yí áńpílífáyà sẹ́yìn, kí ẹ wo fíúsì pẹlẹbẹ tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 30 kan ṣoṣo, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 14, torí pé nǹkan bí 14 fóòtì ni iná mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó di 420 wáàtì. Áńpílífáyà kò lè máa mú jáde ju ohun tí ó wọ inú rẹ̀ lọ, apá kan tilẹ̀ ń di ooru lásán. Níbo wá ni 3,000 ti wá? Nọ́ńbà tí ó ṣe gidi ni èyí tí wọ́n kọ RMS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyíinì ni agbára tí ó lè máa lò lọ títí láìrẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n kọ MAX sí dà bí eré ẹni tí ajá ń lé. RMS wúfà àti ti áńpílífáyà ni kí ó bára mu.

Óòmù ńkọ́? Èyí ni mo ti fojú rí màbo lórí ẹ̀rọ mọ́sáláṣí wa. Bí óòmù wúfà bá ti kéré tó ni iná tí ó ń fà lára áńpílífáyà ń pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ wúfà ní kọ́ìlì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ óòmù 4. Bí rewáyà bá so wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n di 2. Bí ó bá so wọ́n tẹ̀léra, wọ́n di 8. Bí áńpílífáyà kò bá gbà kí óòmù kéré ju 4 lọ, tí ẹnìkan sì so 2 mọ́ ọn, yóò gbóná, yóò máa kú, yóò máa jí, títí yóò fi kú pátápátá. Orí òǹtajà ni wọn yóò sì di ẹ̀bi náà rù.

Wáyà bàbà ni kí ẹ rà. Ẹ fi abẹ ha ẹnu rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, kò lè gbé iná tó bàbà gidi. Kí fíúsì ara wáyà náà má jìnnà sí bátìrì ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ. Fíúsì tí ó wà lára áńpílífáyà kò lè gba wáyà yìí là, nítorí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni ó wà. Níbi tí wáyà bá ti gba ojú irin kọjá, kí wọ́n fi rọ́bà yí i ká.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ jókòó ti wúfà. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ohùn tí ọmọdé ń gbọ́ láti inú ẹ̀rọ má ju dẹ́síbẹ̀lì 75 lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ti àgbàlagbà jẹ́ 80.

Ìyá yẹn lọ sí Alábà lóòótọ́. Ó ní òǹtajà àkọ́kọ́ bínú nígbà tí òun ní kí ó yí i sẹ́yìn. Ní ìsọ̀ kejì ni wọ́n ti ra olókòó wáàtì 300 RMS, pẹ̀lú wáyà bàbà àti fíúsì. Ṣéńjì díẹ̀ ṣẹ́kù, ó sì ti gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà kí wọ́n tó dé Ìkòtún.