Ohio State àti Michigan: Ta Ni À Ń Yìn Ju Bí Ó Ti Yẹ Lọ?

Lọ́dọọdún, bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ wa tí wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà a máa pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí ọmọ wọn lọ sí Yunifásítì Michigan ní ìlú Ann Arbor a wà lápá kan, àwọn tí ọmọ wọn lọ sí Ohio State ní ìlú Columbus a wà lápá kejì. Àwọn tí kò ní ọmọ ní ibì kankan nínú méjèèjì ni ariwo wọn sì máa ń pọ̀ jù. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń jà sí: èwo nínú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ni ìyìn tọ́ sí, èwo ni a sì kàn ń gbé gẹ̀gẹ̀ lásán? Níwọ̀n bí a ti fún wa láyè nínú ìwé àyájọ́ yìí, a fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó hàn sí wa pé òṣùwọ̀n tí tọ̀tún tòsì ń lò kò pé.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà rú àwọn òbí kan lójú, bọ́ọ̀lù tí à ń wí kì í ṣe èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá. Bọ́ọ̀lù náà rí gbọọrọ bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọ́n a sì máa kọlu ara wọn bí àgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tí ì pé ọmọ ọdún 22. Síbẹ̀ pápá Michigan gba ènìyàn 107,601, ti Ohio State sì gba 102,780. Ọdún 1897 ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé, tí Michigan fi 34 sí òdo borí. Ní ọ̀sẹ̀ ìpàdé wọn, àwọn ará Ohio State a máa fi téèpù pupa fagi lé lẹ́tà M lára ògiri àti pátákó ọgbà wọn. (Àgbàlagbà wà nínú àwọn tí ń ṣe é.) Ọmọ Yorùbá náà kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Olusegun Oluwatimi, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, ni ó dúró ní àárín gbùngbùn ìlà iwájú Michigan ní ọdún 2022, ipò ẹni tí ó ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láti bẹ̀rẹ̀ eré. Ẹ̀bùn Outland àti ẹ̀bùn Rimington, tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀jẹ̀ ìlà iwájú, ni ó gbà pọ̀ ní ọdún kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ìdájọ́ náà ta jù. John Cooper ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Ohio State láti ọdún 1988 títí dé òpin sáà ọdún 2000. Ó borí nínú ìdíje 111, ó pàdánù 43, ó sì gbá ọ̀mì mẹ́rin. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà yóò rò pé ilé ni wọ́n kọ́ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìgbà 13 tí ó kojú Michigan, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó borí, ó gbá ọ̀mì kan, ó sì fìdí rẹmi nígbà 10. Ní ọdún 1993, 1995 àti 1996, ẹgbẹ́ rẹ̀ dé iwájú Michigan láìtíì pàdánù ìdíje kankan ní sáà náà, Michigan ni ó sì kọ́kọ́ nà wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 2001 wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di àlọ́ ni pé kí ó tó dé Columbus rárá, Cooper yìí kan náà ni ó kó ẹgbẹ́ Arizona State lọ na Michigan, 22 sí 15, nínú ìdíje Rose Bowl ti oṣù kìíní ọdún 1987. Ó mọ̀ ọ́n nà, nígbà tí kì í ṣe Ohio State ni ó ń ṣiṣẹ́ fún! Ní ọdún 2008 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Bo Schembechler ni ó darí Michigan láti ọdún 1969 dé 1989. Abẹ́ Woody Hayes, akọ́nimọ̀ọ́gbá Ohio State, ni ó ti kọ́ṣẹ́. Ọdún tí ó dé Michigan gan-an ni ó yíjú padà na ọ̀gá rẹ̀, 24 sí 12, nígbà tí gbogbo ènìyàn gbà pé kò sí ẹni tí yóò lè borí Ohio State ní ọdún náà. Ọdún mẹ́wàá ni ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ fi wọ ìyá ìjà: Bo borí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, Hayes ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n sì gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan. Ìpàdé wọ̀nyí ni ó sọ orúkọ Bo di ńlá. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé. A kò sọ pé kò mọṣẹ́. Ìdíje 194 ni ó borí ní Michigan, ìgbà 13 ni ó sì gba ipò kìíní ní agbègbè wọn, tàbí kí ó bá ẹlòmíràn pín in. Síbẹ̀ kò gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè rí, bẹ́ẹ̀ ni nínú ìdíje òpin sáà 17 tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, márùn-ún péré ni wọ́n ti borí. Cooper náà borí mẹ́ta nínú 11 ní irú ìdíje kan náà fún Ohio State, ẹnu sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ohun tí a rí kọ́ ni pé Sátidé kan ṣoṣo nínú ọdún ni wọ́n fi ń gbé ènìyàn sókè tàbí kí wọ́n fi jù ú sílẹ̀, gbogbo Sátidé yòókù di ìfisíta.

Jim Harbaugh, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Bo nígbà èwe rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Michigan ní sáà ọdún 2015. Ìdíje márùn-ún àkọ́kọ́ tí ó bá Ohio State ṣe ni ó pàdánù. Ti ọdún 2018 burú débi pé 62 sí 39 ni wọ́n fi nà án. Ní ọdún 2020 ẹgbẹ́ rẹ̀ borí ẹ̀ẹ̀mejì péré nínú mẹ́fà, wọ́n sì dín owó ọdọọdún rẹ̀ kù gidigidi. Nígbà náà, àwọn ará Michigan tiwa gan-an ni wọ́n ń sọ pé ẹnu lásán ni ọkùnrin náà ní. Kí ni ó tẹ̀lé e? Ó na Ohio State 42 sí 27, lẹ́yìn náà 45 sí 23, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ náà tún fi 30 sí 24 borí, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 2024 wọ́n sì na Washington 34 sí 13, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn wa kan náà ti ń wí báyìí pé àwọn kò ṣiyèméjì nípa rẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n kọ ní ọdún 2020 ṣì wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n nítorí ìfẹ́ ará a kò ní tẹ̀ ẹ́ síbí.

Àbàwọ́n kan wà lára ògo náà, a kò sì gbọdọ̀ fò ó dá. Òṣìṣẹ́ kan lábẹ́ Harbaugh ń rán ènìyàn lọ wo ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí Michigan yóò bá pàdé, kí wọ́n lè ya àmì ọwọ́ tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ fi ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Harbaugh ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn ará Ohio a máa fi òwe dá a lóhùn pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Wọ́n ní kí ó má yọjú sí pápá fún ìdíje mẹ́ta tí ó kẹ́yìn sáà náà kí ife-ẹ̀yẹ tó bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 sì ni àjọ tí ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì bu owó ìtanràn gọbọi lé Michigan. Èyí já sí pé ní ọjọ́ tí wọ́n fi 30 sí 24 na Ohio State, Harbaugh kò sí lórí pápá. Igbákejì rẹ̀, Sherrone Moore, ni ó darí. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé, bí àwọn bàbá wa ti wí, ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ni a ń kọ sára ìṣẹ́gun.

Ti Ryan Day ni ó tún yani lẹ́nu jù. Ó gba Ohio State ní ọdún 2019, ó sì na Michigan ní ọdún náà. Láti ọdún 2021 sí 2024 ó fìdí rẹmi níwájú wọn lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra. Èyí tí ó kẹ́yìn, 13 sí 10 ní Columbus ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2024, jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ariwo pé kí wọ́n lé e gba ìlú kan. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn èyí tí ẹgbẹ́ tí wọ́n ní kò wúlò náà na Tennessee, Oregon, Texas àti Notre Dame tẹ̀léra, tí wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan náà ni, àwọn ọmọ kan náà ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a gbé ga jù ni ní ìparí oṣù kọkànlá, kí ni ó dà ní ogúnjọ́ oṣù kìíní?

Owó náà wà níbẹ̀ tí a kì í kà mọ́ ọn. Ọ̀gá eré ìdárayá Ohio State fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba pé nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là ni ó bá àwọn agbábọ́ọ̀lù ọdún 2024 náà rìn. Láti oṣù keje ọdún 2025, òfin ti gba àwọn yunifásítì láyè láti máa san owó fún àwọn ọmọ náà tààrà. Ẹni tí ó bá ń yin akọ́nimọ̀ọ́gbá láìka ẹni tí ó ra ọjà, ìdajì ìtàn ni ó ń sọ.

Ìdí tí a fi ní òṣùwọ̀n wọn kò pé ni a ó sọ báyìí. Kí sáà ọdún 2021 tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlà iwájú Ohio State, ọmọ tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ, lọ bá Day, ó sì sọ fún un pé òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun. Day kò sọ fún un pé kí ó ṣe ọkùnrin. Lójú ẹsẹ̀ ni ó fà á lé àwọn dókítà lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022 ọmọ náà kọ̀wé síta pé òun fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Day nínú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí akọ́nimọ̀ọ́gbá yìí: ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni bàbá tirẹ̀ gbà kú nígbà tí ó wà lọ́mọdé, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ti dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2019 ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Columbus fún ìlera ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́. Ọdún 2021 tí ó gba ọmọ yìí là náà ni ọdún tí Michigan nà án 42 sí 27, tí àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀.

Níhà kejì, ìròyìn tí àwọn agbẹjọ́rò ṣe fún Yunifásítì Michigan jáde ní ọdún 2021 nípa dókítà ilé-ẹ̀kọ́ náà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣekúṣe nínú yàrá àyẹ̀wò. Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́, a rí àwọn tí wọ́n ní àwọn fi ọ̀rọ̀ náà tó Bo létí, dókítà náà kò sì kúrò. Bo ti kú láti ọdún 2006, kò lè dáhùn. Àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ àti nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní kò lè gbọ́ irú rẹ̀ kí ó dákẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sì wí pé òun fúnra òun sọ fún un. Ní ọdún 2022 yunifásítì náà gbà láti san mílíọ̀nù 490 dọ́là fún ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá bi wá léèrè ẹni tí a gbé ga jù nínú gbogbo wọn, Bo ni a ó dárúkọ, kì í sì í ṣe nítorí ìdíje òpin sáà 12 tí ó pàdánù.

Àwọn òbí kan lè ní ohun tí ó ti pẹ́ ni. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2018, ní Yunifásítì Maryland, tí wọ́n wà ní agbègbè ìdíje kan náà pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí, ọmọ ọdún 19 kan ṣubú níbi ìgbaradì nínú ooru. Kò sí ẹni tí ó gbé e sínú omi yìnyín. Ó kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ní oṣù kẹwàá ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso yunifásítì náà ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì ni ààrẹ yunifásítì náà yọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ni ó ń gbé ní Maryland, ní Texas, ní Georgia, àwọn kan nínú wọn sì ní ọmọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń kọ̀wé sí. Bí wọ́n bá jókòó sí pálọ̀ yín, wọn yóò sọ iye ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà àti iye ìgbà tí wọ́n na ọ̀tá wọn. Ẹ fetí sí i, ó dùn ún gbọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n léèrè ta ni dókítà wọn, ọ̀dọ̀ ta ni dókítà náà ti ń gba owó oṣù, mélòó nínú àwọn ọmọ tí wọ́n gbà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni ó ti gba oyè, àti pé lọ́jọ́ tí ooru bá mú, ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé kí wọ́n dáwọ́ eré dúró tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò sì ní lè yí i padà.