Wọ́n mọ Trump, wọn ò mọ káńsẹ́lọ̀ wọn

Bí Amẹ́ríkà bá ń dìbò, ariwo rẹ̀ kì í mọ sí Amẹ́ríkà nìkan. Níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní Dùgbẹ̀, àwọn tó ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ láìrà máa ń pín sí méjì. Àwọn kan á ní ti Trump làwọn ń ṣe, àwọn kan á ní àwọn ò fẹ́ẹ́ rí i sójú. Ní Agbowó, lódìkejì Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọléèwé tí kò tíì jẹun ọ̀sán á ti mọ̀ pé ìbò 270 lẹni tó máa di ààrẹ lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ ní, á sì mọ̀ pé 19 nínú rẹ̀ wà ní Pennsylvania. Nígbà tí Donald Trump fi 312 na Kamala Harris tó ní 226 lóṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn kan wà ní Challenge àti Ring Road tí inú wọn dùn bíi pé ọmọ ìyá wọn ló wọlé. Àwọn mìíràn fajú ro bíi pé wọ́n jí wọn lówó.

Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn mọ ohun tó ń lọ láyé. Ìbàdàn kọ́ ni wọ́n máa kọ́ nírú ẹ̀. Ìlú yìí náà ni tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, kí òmìnira tó dé rárá. Àwọn èèyàn ìlú náà ti ń fi ojú inú ẹ̀rọ wo ayé látìgbà náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni dìde nínú àwọn tó ń jiyàn lórí Trump yẹn, kó bi wọ́n léèrè orúkọ káńsẹ́lọ̀ tó ń ṣojú wọ́ọ̀dù wọn. Ńṣe nibẹ̀ máa pa lọ́lọ́.

Bẹ́ẹ̀, káńsẹ́lọ̀ yẹn kò já bọ́ láti ọ̀run. Lọ́jọ́ 27, oṣù kẹrin, ọdún 2024, ìyẹn oṣù mẹ́fà ó lé díẹ̀ kó tó di ìbò Amẹ́ríkà, ni àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀. Ẹgbẹ́ PDP ló kó ipò alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n. Wọ́n yan àwọn káńsẹ́lọ̀ pẹ̀lú wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dúró di ìdájí nídìí fóònù wọn lóṣù kọkànlá ni kò jáde nílé lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ohun tí wọ́n rí i sí ni pé ọjọ́ ìsinmi ni.

Ọ̀rọ̀ owó sì ni gbogbo ẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fàyè gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà. Látìgbà náà, dátà ti di ohun tí wọ́n ń ṣírò mọ́ owó gaàrí. Kí wọ́n mú un pé ọmọléèwé kan ní Agbowó ń ra dátà ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́sẹ̀. Láàárín ọdún kan, ó ti ná ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́ta náírà. Bó bá jẹ́ pé ìlàjì rẹ̀ ló fi ń wo àwọn aláwo funfun tó ń bú ara wọn lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náírà ló fi ra ìjà tí kò kàn án. Àwọn tó ni ẹ̀rọ tó fi ń wò ó ń jèrè, àwọn tó ta dátà fún un ń jèrè. Òun nìkan ni kò mọ ohun tó rà.

Ohun tí òfin gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń ṣòwò. Ó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ọjà àti gáréèjì ń bẹ nínú ẹ̀. Gọ́tà, títì àdúgbò àti kíkó ìdọ̀tí ń bẹ nínú ẹ̀. Ìlànà lórí ìsọ̀, kíóósì àti ọjà kíkiri ń bẹ nínú ẹ̀, títí kan owó tí wọ́n ń gbà lórí ilé. Ìyẹn ni pé, obìnrin tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà, ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀, ẹni tó gbé tábìlì POS síwájú ilé ní Challenge, kò sí èyí tí káńsù kò lè fọwọ́ kàn láàárín ọ̀la àti ọ̀túnla. Ààrẹ Amẹ́ríkà kò mọ̀ pé gọ́tà wọn ti dí.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Lọ́jọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 2024, Trump wọlé nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Iowa, ìròyìn náà sì kún orí fóònù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ kọjá, ohun kan bú gbàmù ní Bódìjà. Ilé wó, èèyàn márùn-ún ló kú ó kéré tán, ọ̀pọ̀ fara pa, ilẹ̀ sì mì dé àwọn àdúgbò tó jìnnà. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àṣẹ lórí ohun abúgbàmù kì í ṣe iṣẹ́ káńsù. Ṣùgbọ́n àdúgbò táwọn ọ̀mọ̀wé, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò ń gbé ni Bódìjà. Àwọn tó lè sọ ẹni tó wọlé ní Iowa pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó lè sọ ohun tó wà nínú ilé kejì sí tiẹ̀ ni wọn ò rí.

Àwọn kan á ní ohun tí Amẹ́ríkà bá ṣe máa ń kan Ìbàdàn. Irọ́ kọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí báńkì àpapọ̀ ti tú náírà sílẹ̀, dọ́là tí wọ́n ń ṣírò ní nǹkan bí 470 náírà kọjá 1,500 nígbà tó fi máa di ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ ni owó fóònù, owó kọ̀ǹpútà àti owó ẹ̀yà ara ọkọ̀ gbéra sókè. Nígbà tí ìjọba Trump dá owó ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró lóṣù kìíní ọdún 2025, tí USAID sì kógbá sílé lóṣù keje, ó kan iṣẹ́ ìwádìí àti ìtọ́jú aláìsàn ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Áfíríkà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tó ti wà n'Ìbàdàn láti ọdún 1967 wà lára àwọn tó ti bá USAID ṣiṣẹ́. Oṣù keje ọdún 2025 yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà sọ físà ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ di ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Texas kò lè ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun.

Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà ṣe ń tẹ́tí sí iye ọjà ló yẹ kí wọ́n máa tẹ́tí sí Amẹ́ríkà. Ọlọ́jà tó gbọ́ pé ata ti wọ́n ní Kánò kò ní í bá Kánò jà, yóò tún owó tó fẹ́ fi rajà kà. Ẹ wo òfin owó orí tí Trump fọwọ́ sí lọ́jọ́ 4, oṣù keje, ọdún 2025. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jáde lóṣù karùn-ún, ohun tí wọ́n ń gbé kiri ni pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fẹ́ máa yọ lára owó táwọn àjèjì bá ń fi ránṣẹ́ sílé. Ọkàn ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá tó ń jẹun lọ́wọ́ ọmọ kò balẹ̀. Nígbà tí òfin náà jáde tán, ó ti di ìdá kan péré, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026. Ẹni tó bá gbé owó lọ́wọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ ni wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́ látinú àkáǹtì báńkì rẹ̀, tàbí pẹ̀lú káàdì báńkì Amẹ́ríkà, kò san án. Lórí igba dọ́là, dọ́là méjì ni. Ìyá tó mọ èyí á pe ọmọ rẹ̀, á ní kó má fi owó lọ́wọ́ ránṣẹ́ mọ́. Ìyẹn ni ìmọ̀ tó mú owó wọlé. Àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jiyàn bóyá Trump kórìíra aláwọ̀ dúdú kò gbọ́ apá ibẹ̀ yẹn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ káńsù ti sú náà ní tiwọn í sọ. Wọ́n á ní gómìnà àtàwọn àgbà ẹgbẹ́ ló ń yan alága, pé ẹgbẹ́ kan ló kó gbogbo ẹ̀, kí ni ìbò ẹnì kan fẹ́ dà níbẹ̀? Àròyé náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lágbára lórí káńsù tó wà ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé rẹ̀, agbára wo ló ní lórí Washington? Nàìjíríà sì ti rí i rí pé àwọn èèyàn lásán lè mú kí ẹni ńlá gbọ́. Nígbà tí fóònù GSM dé lọ́dún 2001, àádọ́ta náírà ni wọ́n ń san fún ìṣẹ́jú kan, kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dé ní kò ṣeé ṣe láti máa gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá. Lóṣù kẹjọ ọdún 2003, Glo dé pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́jọ́ 19, oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, àwọn oníbàárà káàkiri Nàìjíríà pa fóònù wọn fún ọjọ́ kan láti fẹ̀hónú hàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe fi di ohun tí gbogbo wọn ń ṣe.

Owó tó wà nídìí káńsù sì ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè fojú fò dá lọ. Lọ́jọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn, kí gómìnà kankan má dá a dúró. Ìdájọ́ kì í fúnra rẹ̀ gbẹ́ gọ́tà. Ó di ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè. Àwọn tó la ìkún omi ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011 já n'Ìbàdàn mọ ohun tí gọ́tà tó dí àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú odò lè ṣe. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ sì di òfìfo lóru ọjọ́ kan.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò le. Gbogbo àdúgbò ló ní ẹgbẹ́ onílé, gbogbo ọjà ló ní ìyálọ́jà, gbogbo wọn ló sì ní WhatsApp tí wọ́n fi ń pín fídíò Trump. Kí wọ́n fi orúkọ àti nọ́ńbà káńsẹ́lọ̀ wọn síbẹ̀. Kí ẹni tí wọ́n bá gbowó káńsù lọ́wọ́ rẹ̀ gba rìsíìtì, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó gbé e síbẹ̀, kí àwọn yòókù lè mọ̀ bóyá iye kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Kí wọ́n ya gọ́tà tó dí kí òjò tó dé, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n yà á sí i, kí wọ́n sì gbé e lọ bá káńsẹ́lọ̀ náà. Dátà tó máa gbé gbogbo ìyẹn kò tó èyí tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá fídíò láti Washington ń jẹ. Bí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn bá sì dé, wọn á ti ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi bi olùdíje kí wọ́n tó gba ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀.