Ọtí tí kò gbé èèyàn ṣubú kì í ṣe omi

 

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìpàdé wa tó kọjá, mo ní kí n sọ ọ́ síta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé London wá kí wa, ó kó ìgò bíà kékeré mẹ́fà wá fún mi. Irú èyí tí àwọn apọntí kéékèèké ń pọn níwọ̀nba ni, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Wọ́n kọ pilsner sára ìgò, wọ́n kọ 7.2%, wọ́n sì kọ ọ́ pé hops inú rẹ̀ pọ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kí ẹnì kan má baà sọ pé wọ́n sanwó fún mi. Mo gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ wá sí ìpàdé kí ẹ̀yin àgbà lè tọ́ ọ wò.

Ẹ̀gbọ́n wa kan gbé e sẹ́nu, wọ́n tu ú dànù. Wọ́n ní, "Ewúro rèé! Ìgò tí kò ju àtàǹpàkò lọ! Ọtí tí kò bá gbé èèyàn ṣubú, omi ni." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí sí ọtí ìparí ọdún. Wọ́n ní stout ńlá la máa kó, kréètì lórí kréètì, kí àwọn àlejò lè mọ̀ pé ọkùnrin ló pè wọ́n, torí Warri no dey carry last.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ ti ń mu bíà kí n tó wọ sẹ́kọ́ndìrì. Ṣùgbọ́n lórí èyí, ẹ ò tọ̀nà. Ẹ ní omi ni, ẹ tún ní ewúro ni. Omi wo ló ń korò bí ewúro?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí oníṣòwò. Ìgò kékeré yẹn jẹ́ 33cl. Bí 7.2% rẹ̀ bá jẹ́ ògidì ọtí, kò tó 2.5cl. Star ńlá jẹ́ 60cl, 5.1% ni. Ògidì ọtí inú rẹ̀ lé díẹ̀ ní 3cl. Guinness stout ńlá tí ẹ ń fi yangàn jẹ́ 60cl, 7.5% ni. Ìyẹn jẹ́ 4.5cl nínú ìgò kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mu mẹ́ta ti gbé 13.5cl ògidì ọtí mì, kó tó dìde lórí àga. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe nọ́ńbà ara ìgò nìkan là ń wò. Bí ìgò ṣe tóbi tó, àti iye ìgò tí a mu, ló ń sọ ibi tí a máa sùn sí.

Ọ̀rọ̀ kíkorò náà ńkọ́? Ta ló sọ pé Yorùbá ò fẹ́ ohun tó korò? A ń jẹ orógbó. A ń fọ ewúro sínú ọbẹ̀, a kì í fọ gbogbo kíkorò rẹ̀ tán, torí ibẹ̀ ni adùn wà. Àwọn ẹlòmíì nínú wa ò lè sùn láì mu páragà. Nígbà tí Orijin jáde ní 2013, ṣé kì í ṣe torí pé ó korò la ṣe ń wá a kiri? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé bíà nìkan ni kò gbọdọ̀ korò?

Hops ló ń fún bíà ní kíkorò yẹn. Òdòdó ewéko kan tó ń fà ni, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Òun ló ń mú bíà ta sánsán, òun ló ń bá a pẹ́ kó má tètè bàjẹ́. Bíà aláwọ̀ wúrà tí ẹ ń mu lójoojúmọ́, ìdílé pilsner ló ti wá. Ní 1842, ní ìlú Plzeň tó wà ní ilẹ̀ Czech lónìí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Josef Groll pọn irú rẹ̀ àkọ́kọ́, orúkọ ìlú yẹn ló sì di orúkọ ọtí. Star kọ́kọ́ jáde l'Ékòó ní 1949. Ní 1988 ìjọba fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé, àwọn apọntí wa wá lọ gbára lé ọkà bàbà àti àgbàdo. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni bíà gbọ́dọ̀ gbà dùn. Ẹni tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun.

Ní tèmi, báyìí ni mo ṣe mu tèmi nílé. Mo gbé e kúrò nínú fíríìjì, mo jẹ́ kó sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dà á sínú ife tó mọ́, ìhó rẹ̀ funfun, ó sì dúró. Mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀: ó dà bí èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, àti koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo fi ẹnu kàn án: adùn kọ́kọ́ wá, bí eteetí búrẹ́dì gbígbóná. Lẹ́yìn náà ni kíkorò dé, ó jókòó sẹ́yìn ahọ́n, kò tètè lọ. Ní ìkẹyìn, àyà mi móoru díẹ̀. Agbára rẹ̀ nìyẹn, kì í pariwo.

Kì í ṣe pé kò ní àbùkù. Adùn àárín rẹ̀ wúwo díẹ̀ fún ooru Warri. Owó rẹ̀ náà kì í ṣe owó ọjọ́ gbogbo. Mo fún un ní méje nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: mi ò lè mu ìgò kejì tán. Kì í ṣe pé kò dùn, ó ti tó mi ni. Ọtí tí èèyàn bá ń tọ́ wò dáadáa máa ń sọ fún un pé ó ti tó. Èyí tí a bá ń dà sọ́fun bí omi inú kòtò, kò ráyè sọ nǹkan kan.

Èmi náà jẹ̀bi, torí mo ń ta ọtí. Àwa ló ń to kréètì sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń ba hops inú bíà jẹ́, á sì máa rùn. A wá gbé e sínú yìnyín títí ahọ́n oníbàárà á fi kú, kò ní mọ̀. Ẹni tí ò mọ ohun tó ń mu, kí ló kù tó máa fi wọn ọtí ju bó ṣe ń pa á lọ?

Ẹ má sọ pé àṣà òyìnbó ni mò ń kó wá. Bature Brewery ń pọn irú bíà kéékèèké ní ilẹ̀ wa níbí. Lóòótọ́, bature ni Hausa ń pe òyìnbó. Ṣùgbọ́n kí ilé-iṣẹ́ bíà tó dé, àwọn ìyá wa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí bàbà ní ìkòkò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tọ́ ọ wò kí wọ́n tó tà á.

Ìdí tí mi ò fi lè dákẹ́ rèé. Lẹ́yìn àpèjẹ ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa wa mọ́tò wọ gọ́tà ní Airport Road, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ kán lápá. Àwa la ra ọtí yẹn. Àwa la pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tó ṣí ìgò karùn-ún. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Mi ò ní ká ra bíà London o, àpò wa ò gbé e. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju èyí lọ: ká dín kréètì kù sí ìdajì. Ká dà á sínú ife, ká gbé oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ká fi owó tó kù ra sóbò àti málítì fún àwọn tí kì í mutí, torí àwọn náà ń dáwó. Ẹni tó bá sì máa wa mọ́tò, kó má fẹnu kàn án rárá.

Ẹ̀gbọ́n, ìgò méjì ṣì wà nílé. Mo ti fi ọ̀kan pamọ́ fún yín. Ẹ yà wá lọ́jọ́ Sunday, ká jọ mu ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá tún ní omi ni lẹ́yìn ìyẹn, màá gbà.