Ìkìlọ̀ fún Olórí Ẹbí àti Àwọn Aṣojú lórí Ilé Wa ní Marina

Ẹ̀yin bàbá wa, àwa ọmọ ìdí igi mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀ka ìyá mẹ́rin nínú ẹbí, la kọ ìwé yìí, nítorí a ti fẹnu bẹ̀ yín títí, ẹ ò dá wa lóhùn.

Ayálégbé tó wà nísàlẹ̀ ilé fi rìsíìtì owó ilé rẹ̀ hàn wá. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, orúkọ ẹbí ò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n sì ti fi ọ̀dà pa "Ilé yìí kì í ṣe títà" rẹ́ lára ògiri. Ta ló pàṣẹ?

Ẹ rántí pé nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ Àpápá, Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, bá wọn ṣẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ́nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Lọ́dún 1921 ni wọ́n dá a láre. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ilẹ̀ jẹ́ ti ará ìlú àti ti ẹbí, olóyè tàbí olórí ẹbí kàn ń bá wọn mójú tó o ni. Bí olóyè Ìdẹ́jọ onífìlà funfun bíi Olúwa kò bá lè dá ilẹ̀ ní, ta ni nínú yín ló lè dá ilé bàbá wa ní?

Ohun tí a fẹ́ nìwọ̀nyí:

1. Ẹ kó ìwé owó ilé jáde: iye tó wọlé, ẹni tó gbà á, ohun tí ẹ fi ṣe.

2. Ẹ fi ìwé àdéhùn yòówù tí ẹ bá olùrà kankan ṣe hàn wá. Bí ẹ bá ti gba àsansílẹ̀, ẹ dá a padà.

3. Kí àwọn obìnrin máa jókòó sí ìpàdé ẹbí, kí wọ́n sì máa fọwọ́ sí ìwé. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ti 1908, ilé ẹjọ́ Èkó ti sọ ọ́ pé bí Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹbí, bá kú, ọmọ tó dàgbà tẹ̀ lé e ni ipò kàn, ìbáà ṣe obìnrin. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kì í ṣe àlejò nílé bàbá wọn.

4. Kí owó ilé máa wọ àkáǹtì ẹbí, kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń fọwọ́ sí i.

5. Ẹ tún àkọlé ògiri kọ.

Ọjọ́ 21 la fún yín, láti ọjọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, lọ́ọ̀yà wa yóò gbé yín lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó kí ẹ wá ṣírò owó níbẹ̀, a ó sì kéde sínú ìwé ìròyìn kí ẹnikẹ́ni má baà ra ilé náà. A mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìdí nìyí tí a fi kọ́kọ́ kọ̀wé. Ẹ pe ìpàdé náà sí àgbàlá ilé Marina gan-an, kì í ṣe sí ilé ẹnì kankan.

Àwa ni,
Ọmọ ìdí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.