Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ẹ bá mi bi àwọn tó ń ta okùn ìpẹja léèrè: ta ló ní òǹkà ara páálí tó láti fi ra okùn?

Ẹ wo odò Skagit, ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà. Nígbà òtútù, ìsàlẹ̀ omi ni ẹja steelhead máa ń wà. Igi dí etí odò, kò sáyè láti ju okùn sẹ́yìn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá gígùn ọlọ́wọ́ méjì ju ìdẹ tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe, tí wọ́n sì ń so ṣóńṣó tó ń rì mọ́ iwájú okùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní T-14, gréènì 14 ni ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan wọ̀n. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ti di 140, ká má tíì ka ìdẹ tó mumi yó.

Kí ló máa gbé ẹrù yìí? Ọlọ́jà á ní, "Ọ̀pá 8 lẹ ní, ẹ mú okùn 8." Ẹ̀tàn ni! 8 ti ọlọ́wọ́ kan, gréènì 210 ni fún ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́. Orí okùn Skagit fún ọ̀pá 8 ọlọ́wọ́ méjì sábà máa ń ju 500 lọ. Ó kúrú, ó sì sanra. Ẹni tó fi okùn gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ṣe fún ìdẹ ojú omi, gbé T-14, kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ń wọ́ gẹdú.

Àwọn kan á ní, "Ọwọ́ ló ń jù ú, kì í ṣe okùn." Mo gbà pé ọwọ́ ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ò lè fún okùn ní ìwọ̀n tí kò ní. Èjìká ni yóò máa ro ẹni, ìwọ̀ tí okùn ò lágbára láti gbé kọjá sì lè bá ni lọ́rùn tàbí lójú.

Láti 2007 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ka steelhead agbègbè Puget Sound, ti Skagit pẹ̀lú, mọ́ ẹja tí ewu ìparun ń dojú kọ. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí odò ò pọ̀. Ṣé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa fi tú okùn tó lọ́?

Odò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ó jìn tó báwo, ó ń sáré tó báwo? Ìyẹn ni yóò yan ṣóńṣó. Èyí tó wúwo jù, òkúta ni yóò há sí. Ṣóńṣó ni yóò yan orí okùn. Tí ọlọ́jà ò bá lè sọ iye gréènì rẹ̀ fún yín, ẹ dá owó yín padà sápò.