Kíkorò Kì í Pa Ṣúgà

Ẹ̀yin ará Ìmínì, ẹ̀yin èèyàn Fìdítì, Ìlọrà, Aáwẹ́, Akínmọ́rìn àti gbogbo Afijió, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín wa tí mo fẹ́ bá jà nínú ìwé kékeré yìí, n kò sì ní í fọwọ́ pa á lórí. Ẹ bi ìyá alágbo tó jókòó sẹ́bàá títì léèrè ohun tó ń fa àtọ̀gbẹ. Ẹ bi awakọ̀, ẹ bi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Èsì kan náà lẹ ó gbà: ẹni náà ti lá ohun dídùn jù, ṣúgà ti kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun kíkorò ni yóò sì fi lé e jáde. Kó máa mu omi ewúro tí a kò fọ̀. Kó máa se dọ́ńgóyárò. Kó máa jẹ orógbó láàárọ̀. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti korò bí jogbo, oògùn ṣúgà ni.

Irọ́ ni, látòkè délẹ̀. Irọ́ tó sì ń gé ẹsẹ̀ èèyàn ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún àwọn baba wa ní ẹ̀tọ́ wọn. Wọn kò kàn jókòó hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ibi tí aláìsàn náà bá tọ̀ sí, eèrà á bò ó. Wọ́n sì mọ ohun tí eèrà fẹ́ràn. Òótọ́ ni wọ́n rí: ṣúgà wà nínú ìtọ̀ yẹn. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni àlàyé. Ètò kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí jẹ̀díjẹ̀dí, pé adùn ló ń fà á, pé àgbo kíkorò ló ń wò ó. Nígbà tí àtọ̀gbẹ wá yọjú pẹ̀lú ìtọ̀ dídùn, a gbé àlàyé jẹ̀díjẹ̀dí wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ì báà bá a mu, ì báà má bá a mu. Bí ahọ́n ṣe di adájọ́ nìyẹn lórí àìsàn tí kò sí lórí ahọ́n.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Strasbourg ní 1889, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Jámánì. Oníṣègùn méjì, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering, la inú ajá kan, wọ́n sì yọ ẹ̀yà ara kan tí wọ́n ń pè ní páńkíríà kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yà yìí wà nínú èmi àti ẹ̀yin náà. Ó rọ̀, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ̀yìn àpòlúkù ló fara pamọ́ sí. Kì í ṣe nítorí àtọ̀gbẹ ni wọ́n ṣe yọ ọ́. Bí oúnjẹ ọlọ́ràá ṣe ń dà nínú ni wọ́n ń wádìí. Àfi bí ajá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀, tó ń tọ̀, tí kò dákẹ́. Minkowski yẹ ìtọ̀ náà wò: ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Ajá yìí kò mu ẹlẹ́rìndòdò. Kò jẹ súwíìtì, kò tọ́ oyin wò. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n yọ lára rẹ̀, àtọ̀gbẹ dé. Kí ẹni tó ní adùn ló ń fa àìsàn yìí wá ṣàlàyé ajá yẹn fún mi.

Àlàyé rẹ̀ rèé. Ara èèyàn ní ọ̀nà méjì tó fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ara. Ọ̀kan ni iṣan ìmọ̀lára, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ fa ọwọ́ yín sẹ́yìn kíá nígbà tí iná bá jó yín. Èkejì ni ẹ̀jẹ̀. Àwọn ẹ̀yà ara kan wà tó ń pèsè èròjà tí wọ́n ń dà tààrà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gbé èròjà náà káàkiri, ẹ̀yà tó bá ní ohun tí yóò fi gbà á nìkan ni yóò sì jẹ́ ìpè rẹ̀. Ernest Starling, ọ̀mọ̀wé ará London, ló kọ́kọ́ pe irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní họ́mọ̀nù ní 1905. Ẹ̀yà tó wà lọ́nà ọ̀fun, èyí tó ń wú di gẹ̀gẹ̀ bí áyódínì inú iyọ̀ kò bá tó, ni họ́mọ̀nù rẹ̀ ń sọ bí ara yóò ṣe yára jó oúnjẹ tó. Èyí tó jókòó sórí kíndìnrín ló ń tú adirẹnalínì síta nígbà tí ejò bá sọdá níwájú yín lóko, tí àyà yín sì ń lù kìkì. Èyí tó so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, síbẹ̀ òun ló ń pàṣẹ fún púpọ̀ nínú wọn; òun ló ń sọ ìgbà tí irùngbọ̀n ọmọkùnrin yóò hù àti ìgbà tí ọmú abiyamọ yóò sun wàrà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dúró de ìdájọ́ ahọ́n.

Ti páńkíríà ni ínsúlínì. Ní 1869, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Berlin, Paul Langerhans, rí àwọn ìṣùpọ̀ kéékèèké káàkiri inú páńkíríà, kò sì mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Inú ìṣùpọ̀ wọ̀nyẹn ni ínsúlínì ti ń jáde. Bí ẹ bá jẹun, oúnjẹ á dà, ṣúgà rẹ̀ á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì á sì tẹ̀ lé e láti sọ fún ẹran ara àti ọ̀rá pé kí wọ́n gbà á wọlé, kó sì sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó tọ́jú tirẹ̀ pamọ́. Ìṣọ́ náà le púpọ̀. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, bíi lítà márùn-ún, ṣúgà tó yẹ kó wà níbẹ̀ kí ènìyàn tó jẹun láàárọ̀ kò ju ṣíbí tíì kan lọ!

Ẹ̀yin ará Fìdítì ni èyí yóò yé jù. Bí ọsàn bá kún ojú títì lọ́jà yín tó ń jẹrà, ó lè jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ kó o wá jù lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìkóǹkansí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò wá sẹ́nu iṣẹ́, tàbí tó wá, tí àgádágodo ti dípẹtà. Ẹni tó bá wá ń da omi ewúro sórí ọsàn náà, kí ló ń ṣe?

Àgádágodo tó dípẹtà yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àtọ̀gbẹ tó wà láàárín wa. Ínsúlínì ń jáde, ara ni kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ìdílé wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ọ̀rá ikùn wà níbẹ̀, àìlo ara wà níbẹ̀. Ní ti àwọn ọmọdé kan, ara fúnra rẹ̀ ló dìde ogun sí ìṣùpọ̀ tó ń ṣe ínsúlínì, tó sì pa wọ́n run. Aláboyún lè ní in nítorí họ́mọ̀nù tí ibi ọmọ ń tú síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn dexamethasone tí àwọn kan ń rà ní kẹ́mísìtì kí wọ́n lè sanra: ó lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè láì jẹ́ pé ẹni náà fẹnu kan oyin. Nígbà tí ṣúgà bá wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tó kọjá bíi 180 (mg/dL) lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n, kíndìnrín kò ní lè dá a padà mọ́, yóò máa bá ìtọ̀ lọ. Eèrà á gbọ́.

N kò gbèjà ẹlẹ́rìndòdò o. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ ń sanra, ikùn rẹ̀ ń yọ, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe àtọ̀gbẹ wá sílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìgbàgbọ́ yìí kó wa dé. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ pé wọ́n ti jáwọ́ nínú ọsàn pátápátá nítorí pé ó dùn, tí wọ́n sì ń gbé òkè ẹ̀bà mì lálaalẹ́ nítorí pé kò dùn. Ọsàn kan tó mọ níwọ̀n ní ṣúgà bíi gíráàmù 12. Gaari gbígbẹ gíráàmù 100 ní sítáàṣì tó 80, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ara yóò sì sọ di ṣúgà kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kíkan tí gaari Ìjẹ̀bú kan kò ní kó má di ṣúgà. Bíà ńkọ́? Ó korò, ọkà ni wọ́n fi ṣe é, mi ò sì tíì rí ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ lọ nítorí bíà. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Kí aláàtọ̀gbẹ jẹ ọsàn rẹ̀ níwọ̀n, kó má fún un sínú ife mu, kó sì dín òkèlè kù, kó fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún un.

Bí ìgbàgbọ́ yìí bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí ẹni tó bá pa adùn tì pátápátá yè. Wọ́n ti dán èyí wò. Kó tó di 1922, ebi ni àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú ọmọ tó bá ní àtọ̀gbẹ. Kì í ṣe ṣúgà nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, búrẹ́dì, ọ̀dùnkún, ohun gbogbo ni, títí tí ọmọ fi ku egungun. Ó fa ẹ̀mí wọn gùn díẹ̀, wọ́n sì kú síbẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Toronto ní Kánádà ní oṣù January 1922. Àwọn olùwádìí méjì níbẹ̀, Frederick Banting àti Charles Best, ti yọ ínsúlínì láti inú páńkíríà ẹran. James Collip, ẹlẹgbẹ́ wọn, ló wá fọ̀ ọ́ mọ́. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, èyí tí Collip kò tíì fọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tún gún un ní èyí tí Collip fọ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ṣúgà já wálẹ̀, ọmọ dìde. Ó lo ọdún 13 sí i láyé. Wọ́n kò fún un ní ohun kíkorò kankan mu. Họ́mọ̀nù tó ṣaláìní ni wọ́n fún un.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín láti ibi: «Bàbá mi mu ewúro, ẹ̀rọ sì fi hàn pé ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀.» Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn yunifásítì wa ti fún eku ní omi ewúro, ṣúgà wọn sì dín kù. Metformin, tí dókítà ń kọ fún púpọ̀ nínú yín, ewé igbó kan ní Yúróòpù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀nà rẹ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tó ń bú ewé níbí. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ewé bá ṣiṣẹ́, èròjà kan nínú rẹ̀ ló bá ẹ̀dọ̀ tàbí páńkíríà sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé kíkorò rẹ̀ lé adùn jáde. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Ẹni tó bá gbà pé kíkorò ni oògùn á máa wá èyí tó korò jù, á máa bu ún láì wọ̀n ọ́n, yóò sì gbé abẹ́rẹ́ tì.

Àwọn tó gbé e tì là ń rí. Ṣúgà tó pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kì í dunni, ìyẹn ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀. Ó ń ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí bàtà á fi bó ẹsẹ̀ tí ẹni tó ni ẹsẹ̀ kò ní mọ̀. Egbò á dé, kò ní í san. Ojú ń ṣú, kíndìnrín ń bàjẹ́. Àtọ̀gbẹ kì í sì í ṣe àìsàn àwọn ará Lagos tàbí ti àwọn olówó nìkan. Ní 1971 ni Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, gbajúgbajà onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí aláàtọ̀gbẹ 832 ní Nàìjíríà. Ìwádìí ìjọba lọ́dún 1992 rí i lára bíi méjì nínú 100 àgbàlagbà. Àkójọ ìwádìí tó jáde ní 2018 sọ pé ó ti súnmọ́ mẹ́fà. Bí ẹ kò bá tíì jẹun láàárọ̀, tí ẹ̀rọ sì kà tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn, kì í ṣe ìdí igi dọ́ńgóyárò.

Ó ku ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń pani lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń gba ínsúlínì, tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi Daonil, tó tún wá fi àgbo lé e láì jẹun, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, kó wá sábẹ́ 70. Òógùn á bò ó, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa sọ ìsọkúsọ. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń wá ṣúgà. Àwọn ará ilé á wá pariwo pé, «Ẹ má fún un ní nǹkan dídùn o, aláàtọ̀gbẹ ni!» Ẹ fún un. Ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi díẹ̀, kó mu ún lójú ẹsẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá tí kò tíì bọ̀ sípò, ẹ tún fún un. Bí ojú rẹ̀ bá ti là, kó jẹun. Bí kò bá mọ ara mọ́, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu: ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ wá ọkọ̀, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín jù, kí ẹ sì mú gbogbo oògùn àti ìgò àgbo tó ń lò dání, kí àwọn tó máa tọ́jú rẹ̀ lè rí wọn.