Igi Kan Kì Í Dágbó Ṣe

Níbi ìdáwó àti ìpàdé ẹgbẹ́ ni a ti sábà máa ń gbọ́ pé igi kan kì í dágbó ṣe, ohun tí àwùjọ sì ń mú níbẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè tún ìlú ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá dá òwe náà padà sínú igbó tí ó ti wá, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju iye igi lọ. Nínú oko tíìkì tí a gbìn dípò igbó àtijọ́ ní ilẹ̀ Èkìtì, igi lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, síbẹ̀ kí gbogbo wọn jẹ́ igi kan náà: wọn a wọ́wé ní ẹ̀ẹ̀rùn, iná a ran ewé gbígbẹ náà, ilẹ̀ a ṣí sílẹ̀ gbayawu, òjò àkọ́rọ̀ a sì gbá erùpẹ̀ lọ sódò.

Igbó wà lábẹ́ òkun pẹ̀lú, òun náà sì fi hàn pé àwọn ẹ̀dá tí ń bá igbó gbé wà lára ohun tí ń mú un dúró. Kelp ni orúkọ ewéko ńlá kan tí ń di àpáta mú nínú omi tútù, tí ó sì ń ga débi pé ẹja ń fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ilé. Ní àríwá California ní Amẹ́ríkà, ohun tí ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún igbó yìí ṣègbé lẹ́yìn ọdún 2014, nígbà tí òkun gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n láti 2013 ni àrùn ti ń pa ìràwọ̀ òkun, ìyẹn ẹran omi ọlọ́wọ́ púpọ̀ tí ń jẹ ẹran kékeré ẹlẹ́gùn-ún lára. Bí ìràwọ̀ òkun ti kú tán, ẹlẹ́gùn-ún gbilẹ̀, ó sì jẹ kelp títí ó fi ku àpáta lásán. Lónìí, àwọn òmùwẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣa ẹlẹ́gùn-ún kúrò, àwọn onímọ̀ sì ń sin ìràwọ̀ òkun nínú agbada omi, nítorí kelp tí a bá gbìn láìsí i, oúnjẹ ọ̀tá ni.

Igbó ọba Ìsẹ̀, ní gúúsù ìlà-oòrùn Adó-Èkìtì, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 142 níbùú-lóròó, náà ní alábàágbé tí ń gbé e ró bí ìràwọ̀ òkun ti ń gbé kelp ró, bí iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀. Ìnàkí díẹ̀ ṣì ń bẹ níbẹ̀, lára ẹ̀yà tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan. Wọ́n ń jẹ èso igbó, kóró èso náà a bá ìgbẹ́ wọn bọ́ sílẹ̀ níbi tí ó jìnnà sí ìdí ìyá rẹ̀, a sì hù. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gbin igi lówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agégẹdú ń wọlé, olóko kòkó ń sún ààlà síwájú, ọdẹ náà kò sì gbẹ́yìn.

Nítorí náà, bí àwọn aláṣẹ ní Adó-Èkìtì bá ń gbèrò àtúnṣe igbó, owó àwọn tí ń ṣọ́ Ìsẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú owó ọ̀gbìn, kí èyí tí a ó sì gbìn sí àyè tí a ti ṣí jẹ́ arère, àfàrà, ìrókò àti àgbálùmọ̀ papọ̀, bí tíìkì tilẹ̀ ń yára di òpó tí a lè tà.